Èèbù Áírìsì Márùn-ún Nínú Páálí: Ọdún Mẹ́ta Pẹ̀lú Òdòdó Tí Kì Í Fẹ́ Kí A Bo Òun Mọ́lẹ̀

Páálí tí wọ́n gbé wá sí ẹnu ọ̀nà mi ní ọ̀sẹ̀ kejì Oṣù Kẹjọ ọdún 2021 fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé wọ́n ti gbàgbé láti kó ọjà sí i. Nígbà tí mo ya téèpù rẹ̀, ohun tí mo bá nínú rẹ̀ ni ègé márùn-ún nǹkan kan tó jọ atalẹ̀ ńlá. Ó gbẹ, kò sí ilẹ̀ lára rẹ̀ rárá, gbòǹgbò tín-ín-rín rọ̀ sábẹ́ rẹ̀ bí irun, wọ́n sì ti fi ọ̀bẹ gé ewé rẹ̀ kúrú bí abẹ̀bẹ̀. Ìyàwó mi wò ó títí, ó ní, "Bàbá Tóbi, ṣé atalẹ̀ yìí náà ni ẹ fi ogójì pọ́n-ùn ó lé rà?" Mo ní òdòdó ni. Ó tún wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, ó padà sí ìdí ìkòkò rẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́.

Ọjà yìí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò, kì í sì í ṣe bó ṣe rí ní ọ̀sẹ̀ tí mo rà á, nígbà tí kò sí ohun tó dájú tí ẹnikẹ́ni lè sọ nípa rẹ̀, bí kò ṣe bó ṣe rí lẹ́yìn tó ti lo ọdún mẹ́ta nínú ilẹ̀ mi. Oko òdòdó kan tí ìdílé kan ń bójú tó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ti rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èèbù márùn-ún jẹ́ £38, owó ìfiránṣẹ́ jẹ́ £6.50. Mi ò ní dárúkọ oko náà, nítorí pé mo ní ẹjọ́ mélòó kan láti bá wọn rò, ìwà wọn sì dára tó pé mi ò fẹ́ fi ẹjọ́ yẹn ba orúkọ wọn jẹ́. Áírìsì jẹ́ òdòdó tó máa ń padà hù lọ́dọọdún láìjẹ́ pé a tún un gbìn, tí òtútù àti yìnyín Ìlú Ọba kò sì rí gbé ṣe. Irú rẹ̀ tó wà láyé tó 250 sí 300, ṣùgbọ́n èyí tí mo rà ni wọ́n ń pè ní onírùngbọ̀n, nítorí irun wẹ́wẹ́ tó máa ń wà lórí àwọn ewé òdòdó rẹ̀ tó ṣẹ́ sísàlẹ̀. Àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ ló ni orúkọ náà: Iris ni òrìṣà òṣùmàrè tiwọn. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá wá pè é ní òdòdó Òṣùmàrè, kò tíì ṣì í pè.

Ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ irú ilẹ̀ tí mo ní. Thamesmead ni mò ń gbé, ní gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ó ṣòro kí ènìyàn rìn dé ibùdó bọ́ọ̀sì láìgbọ́ Yorùbá. Irà ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, létí odò Thames, ọdún 1968 sì ni àwọn ayálégbé àkọ́kọ́ kó wọ àwọn ilé tí ìjọba kọ́ sórí rẹ̀. Ilé ti bo irà náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n irà kò tíì gbàgbé ara rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ ní Oṣù Kọkànlá, omi máa ń dúró ní ẹ̀yìnkùlé mi fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí ẹ bá sì ki ṣọ́bìrì bọ ilẹ̀ náà, amọ̀ tó ń dán ni yóò bá a jáde, ọ̀bẹ ni ẹ ó sì fi ha á kúrò lára irin. Ẹni tó bá mọ áírìsì onírùngbọ̀n yóò ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ. Òdòdó tó kórìíra kí ẹsẹ̀ òun wà nínú omi ni mo fi owó ara mi rà wá sí àárín irà. Òtútù kọ́ ló ń pa á nílẹ̀ yìí. Òtútù tó bá omi rìn ló ń pa á.

Oko náà kọ ọ́ sórí ìkànnì wọn pé ó ń fẹ́ oòrùn àti ilẹ̀ tí omi ń tètè dà nínú rẹ̀. Kò sí ibì kan tí wọ́n ti sọ bí ènìyàn ṣe lè mọ̀ bóyá ilẹ̀ tòun rí bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ gbogbo ló sì ń jọ ilẹ̀ rere ní Oṣù Kẹjọ. Ẹ̀sùn àkọ́kọ́ tí mo fi kàn wọ́n nìyẹn. Èkejì ni ti ìwé ìlànà tó wà nínú páálí náà. Ewé bébà kan ṣoṣo ni, kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, lẹ́tà rẹ̀ sì kéré débi pé ìdí fèrèsé ni mo ti lè kà á. Ó ní kí n gbìn ín sí "ojú ilẹ̀". Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ oníṣu ni bàbá mi lápá Ṣakí, láti ìgbà tí mo ti lè gbé ọkọ́ ni mo sì ti ń bá a lọ kọ ebè. Lójú tèmi, ojú ilẹ̀ ni ibi tí ènìyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́. Bí ọwọ́ mi ṣe mọ èèbù iṣu ni mo ṣe é. Mo gbẹ́ ihò tó jìn díẹ̀ ju ìka ọwọ́ lọ, mo tẹ́ áírìsì náà síbẹ̀, mo wa ilẹ̀ bò ó, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo sì bomi rin ín. Èèbù iṣu tí oòrùn bá rí yóò gbẹ ni. Ta ni yóò gbin nǹkan tí yóò sì fi ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀ gbalasa?

Nígbà ìrúwé ọdún 2022, ewé jáde, ó nípọn, ó sì tutù yọ̀yọ̀. Oṣù Karùn-ún parí, Oṣù Kẹfà dé, mi ò rí ọ̀pá òdòdó kan ṣoṣo. Mo ti ń ronú bí mo ṣe máa kọ lẹ́tà kíkan sí oko náà nígbà tí ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò wa, tó ti ń ṣe ọgbà láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ rélùwéè, yà kí wa ní ọjọ́ Sátidé kan. Mo mú un lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

"Àbúrò, níbo lo fi èèbù rẹ̀ sí?"

"Ó wà nísàlẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Mo bò ó dáadáa."

Ó lóṣòó, ó fi ìka wa ilẹ̀ ìdí ewé kan títí, kó tó kan orí èèbù náà. Ẹ̀rín pa á. "O sin ín bí iṣu. Jẹ́ kí oòrùn máa rí ẹ̀yìn rẹ̀. Ṣé o ti rí ọ̀nì tó ń yáàrùn létí odò rí? Ikùn nínú ẹrẹ̀, ẹ̀yìn lókè. Bó ṣe yẹ kó wà nìyẹn."

Ohun tó sọ yẹn ni ìwé ìlànà náà ìbá fi ìlà méjì ṣàlàyé, kí wọ́n sì ya àwòrán kékeré kan tì í. Gbòǹgbò nìkan ni ilẹ̀ gbọ́dọ̀ bò. Ara èèbù gan-an gbọ́dọ̀ wà lójú ooru, nítorí pé oòrùn tó ń pa ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà ìtànná ló ń mú kó gbó, tí yóò fi ní agbára láti yọ òdòdó ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Èyí tí a bá bò mọ́lẹ̀ kì í sábà kú, ewé ni yóò kàn máa yọ, olówó rẹ̀ yóò sì rò pé ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Mo fura pé ìdajì àwọn àròyé tí àwọn oníbàárà ń kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì nípa áírìsì tó kọ̀ láti tanná kò ju ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ ihò lọ.

Mo hú gbogbo wọn ní ọ̀sẹ̀ kejì Oṣù Keje 2022. Ìmọ̀ iṣu tó ti tàn mí jẹ níbi ìjìnlẹ̀ ló wá gbà mí níbi gíga: mo kọ ebè gbọọrọ kan sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà tó kọjú sí gúúsù, níbi tí oòrùn kì í ti kúrò kí wákàtí mẹ́fà tó pé. Mo po amọ̀ náà mọ́ iyanrìn tó rí ṣákaṣàka àti òkúta wẹ́wẹ́, báàgì mẹ́jọ ni mo sì lò, títí ebè náà fi ga ju ilẹ̀ yòókù lọ ní nǹkan bí 20 sẹ̀ǹtímítà. Owó òkúta àti iyanrìn yẹn ju owó òdòdó lọ, ó sì yẹ kí ẹni tó bá ń gbé orí amọ̀ bíi tèmi fi í kún owó ọjà kó tó sọ pé áírìsì kò wọ́n. Fún èèbù kọ̀ọ̀kan, mo mọ òkìtì kékeré kan sínú ihò, mo gbé e gun òkìtì náà bí ẹni gun ẹṣin, mo tẹ́ gbòǹgbò rẹ̀ sí ọ̀tún àti òsì, mo fi ilẹ̀ bo gbòǹgbò, mo sì fi ẹ̀yìn sílẹ̀. 40 sẹ̀ǹtímítà ló wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Mo gé ewé wọn kù sí nǹkan bí 15 sẹ̀ǹtímítà, kí afẹ́fẹ́ má baà máa mì wọ́n kí gbòǹgbò tó mú ilẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ooru tí ẹnikẹ́ni kò rí irú rẹ̀ rí dé. Ní 19 Oṣù Keje 2022, ooru Ìlú Ọba kọjá ìwọ̀n 40 fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú àkọsílẹ̀. Wọ́n ka 40.3 ní Coningsby ní Lincolnshire. Koríko gbogbo ibi ìgbafẹ́ àdúgbò wa di àwọ̀ pákó. Mo fẹ́ ta ìbòrí sórí àwọn áírìsì náà, ẹ̀gbọ́n mi ní kí n fi wọ́n sílẹ̀, kí n kàn bomi rin gbòǹgbò wọn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ títí wọn yóò fi mú ilẹ̀. Ẹ̀yìn wọn pọ́n, ó sì le bí èèpo àgbọn. Mo ti fọkàn sí i pé wọ́n ti kú.

Ní àárọ̀ 23 Oṣù Karùn-ún 2023, mò ń po tíì lọ́wọ́ nígbà tí mo rí i láti fèrèsé ilé ìdáná pé nǹkan kan ti tanná lórí ebè. 'Jane Phillips' ni, orúkọ ọ̀kan nínú irú márùn-ún tó wà nínú páálí náà. Mo gbé ife mi jáde, mo sì lóṣòó tì í. Ìrudi òdòdó náà máa ń dì bí agbòòrùn tí a ká, èyí tó sì ti là ní ewé òdòdó mẹ́fà: mẹ́ta nà sókè, orí wọn ṣẹ́ wọ inú bí ọwọ́ tí a fi bu omi, mẹ́ta yòókù rọ̀ sísàlẹ̀ bí etí ajá. Àwọ̀ rẹ̀ ni àwọn aláró wa yóò pè ní àyìnrín, aró tí a rì lẹ́ẹ̀kan tí a sì yára fà yọ. Ní ọ̀fun rẹ̀, níbi tí ewé ìsàlẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ wà lórí funfun, irùngbọ̀n náà sì dúró láàárín wọn, irun kúkúrú tó funfun ní ṣóńṣó, tó sì pọ́n bí ẹyin ní ìdí. Oyin kan tẹ orí irùngbọ̀n yẹn bọ́lẹ̀, ó rún ara rẹ̀ wọ abẹ́ òrùlé òdòdó náà, nígbà tó sì jáde, ẹ̀yìn rẹ̀ ti funfun fún àtíkè òdòdó. Òórùn rẹ̀ kò le. Ẹ ní láti gbé imú súnmọ́ ọn.

Òdòdó kọ̀ọ̀kan kì í lò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ kó tó ká ara rẹ̀ jọ bí bébà tí omi bà jẹ́, ṣùgbọ́n ìrudi méje ló wà lórí ọ̀pá yẹn, wọn kì í sì í là pa pọ̀, nítorí náà ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi rí ohun wò. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ń fẹ́ òdòdó tí yóò máa tanná láti Oṣù Kẹrin dé Oṣù Kẹwàá, kó má tilẹ̀ dá owó rẹ̀ láàmú. Oko náà kò pa irọ́ lórí èyí. Wọ́n kọ àkókò ìtànná irú kọ̀ọ̀kan sí ìdí àwòrán rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì bọ́ sí i.

'Sable' tẹ̀ lé e ní ọjọ́ kẹrin, òun náà sì jọ aṣọ tí wọ́n rì sínú aró títí tó fi fẹ́ máa pọ́n: dúdú lójú òjìji, àlùkò bí oòrùn bá tàn sí i láti ẹ̀yìn. Òun ni mo fẹ́ràn jù lọ, ṣùgbọ́n mo gbìn ín síwájú pátákó ọgbà tó dúdú, kò sì sí ẹni tó rí i láti òkèèrè. Ìwájú ohun funfun ló yẹ kó wà. 'Kent Pride' ní àwọ̀ ilẹ̀ pupa ọ̀nà oko, ọ̀fun rẹ̀ funfun ó sì fẹ́ pọ́n, àwọn ìlà rẹ̀ sì wà létòlétò bí ẹni fi abẹ́rẹ́ rán an. 'Immortality', tó funfun báláú, ni wọ́n ní ó máa ń tanná lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún bí ojú ọjọ́ bá gbà á. Tèmi tún yọ ọ̀pá kan ní Oṣù Kẹsàn-án 2023, kò sì dán an wò mọ́ láti ìgbà náà.

Ẹ̀karùn-ún ló dá ẹjọ́ sílẹ̀. 'Benton Olive' ni mo san owó rẹ̀, orúkọ yẹn náà ni wọ́n sì kọ sí pátákó kékeré tí wọ́n so mọ́ ọn. Ìdí tí mo fi fẹ́ ẹ ni pé mo ti kà nípa Cedric Morris, ayàwòrán tó kó lọ sí Benton End ní ìlú Hadleigh, ní Suffolk, ní ọdún 1940, tó ń fi ọwọ́ kan kọ́ àwọn ènìyàn ní àwòrán yíyà, tó sì ń fi èkejì fi àtíkè òdòdó áírìsì kan fún òmíràn lóyún kí irú tuntun lè jáde; ó kú ní 1982. Púpọ̀ nínú àwọn tó mú jáde tó sì dára lójú rẹ̀ ló sọ ní Benton kan tàbí òmíràn, ojú ayàwòrán ló sì fi ń ṣà wọ́n: àwọ̀ tí kò pariwo ni ó ń wá. Ohun tó tanná fún mi ni áírìsì olómi ọsàn kan tó ń pariwo bí ẹ̀wù àwọn òṣìṣẹ́ ojú ọ̀nà.

Mo kọ̀wé sí oko náà pẹ̀lú àwòrán. Ọdún méjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé tí mo ti rà á, mo sì ti múra sílẹ̀ de àwáwí. Obìnrin tó dá mi lóhùn kò ṣe àwáwí kankan. Ó ní bí wọ́n bá ń pín èèbù ní oko, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan já bọ́ láti inú poro kan sínú poro kejì, pé kò sí bí a ṣe lè dá wọn mọ̀ bí kò bá sí òdòdó lórí wọn, àti pé òun yóò fi tòótọ́ ránṣẹ́ bí ìgbà ìhú bá dé. Ní Oṣù Kẹjọ 2023, ó dé, wọn ò gba owó ìfiránṣẹ́, wọ́n sì ní kí n tọ́jú olómi ọsàn náà. Kò sí ṣọ́ọ̀bù ńlá kan tí yóò ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi lẹ́yìn ọdún méjì.

Bí ẹ bá ti ń rò pé wàhálà ti tán, èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn débi pé ní ìgbà ìwọ́wé ọdún yẹn mo gba ajílẹ̀ ìgbẹ́ adìẹ tí wọ́n ṣe bí hóró, mo sì fọ́n ọn ka gbogbo ebè náà. Àṣìṣe nìyẹn, tèmi ni, kì í ṣe ti oko. Náítírójìn pọ̀ nínú ìgbẹ́ adìẹ, bí áírìsì bá sì jẹ ẹ́ jù, ara rẹ̀ á rọ̀, omi á kún inú rẹ̀, bakitéríà tó ń mú èèbù rà á sì rí ọ̀nà wọlé. Òjò ìgbà òtútù tó tẹ̀ lé e kò dáwọ́ dúró. Ní Oṣù Kejì 2024, mo rí i pé ewé 'Kent Pride' ti ń pọ́n láti ìdí. Mo fà á díẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì bá ọwọ́ mi wá láìjà. Mo fi àtàǹpàkò tẹ èèbù rẹ̀, àtàǹpàkò náà wọlé bí ẹni tẹ iṣu tó ti jẹrà nínú àká, omi funfun rú jáde, òórùn rẹ̀ sì lé mi sẹ́yìn. Ẹni tó bá ti gbọ́ òórùn yẹn lẹ́ẹ̀kan kò ní ṣì í mọ̀ láéláé.

Mo hú u. Mo fi ọ̀bẹ tó mú gé gbogbo ibi tó ti rọ̀ kúrò, mò ń fi ọtí ìpakòkòrò nu ọ̀bẹ lẹ́yìn gígé kọ̀ọ̀kan, títí mo fi kan ibi tó funfun tó sì le. Ègé méjì tí kò ju àtàǹpàkò lọ ló kù. Mo tẹ́ wọn sí ojú fèrèsé fún ọjọ́ mẹ́rin kí ojú ọgbẹ́ wọn gbẹ, mo sì tún wọn gbìn sínú ìkòkò tí iyanrìn pọ̀ nínú rẹ̀. Méjèèjì yè, ṣùgbọ́n wọn ò tanná ní 2024. Láti ìgbà náà, ajílẹ̀ tí náítírójìn rẹ̀ kéré ni mò ń lò, ìwọ̀nba ẹ̀kúnwọ́ kan ní ìgbà ìrúwé, mo sì ń ṣa ewé tó ti gbẹ kúrò ní ìdí wọn kí ìgbín má baà rí ibi sá pamọ́ sí. Ó ń dùn mí pé ìgbín ilẹ̀ yìí, tí wọn kò tó ohun tí a lè sè, ló ń jẹ ohun tí mo gbìn.

Ọ̀rọ̀ jíjẹ yìí rán mi létí ẹ̀sùn kẹta, òun ló sì wúwo jù lójú mi. Ní Oṣù Keje 2024, mo ti pín 'Jane Phillips', mo sì kó àwọn ègé náà sínú àwo kan sórí tábìlì ilé ìdáná kí wọ́n gbẹ. Ìyá ìyàwó mi ti dé láti Ìbàdàn ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Nígbà tí mo máa wọlé, Mọ́mì ti fọ ọ̀kan, wọ́n ti bó èèpo rẹ̀, wọ́n sì ti gbé irin tí a fi ń rin atalẹ̀ lọ́wọ́ láti fi ṣe tíì. Mo ké, "Ẹ jọ̀ọ́, Mọ́mì, ẹ má rin ín!" Wọ́n ní ṣé mo ṣahun atalẹ̀ fún àwọn ni. Májèlé ni èèbù áírìsì. Ó ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru, omi ara rẹ̀ sì lè mú awọ ara ẹlòmíràn yún. Kò sí ọ̀rọ̀ kan nípa rẹ̀ nínú ìwé ìlànà tó wá nínú páálí mi. Ilé tí wọ́n ti ń lo atalẹ̀ lójoojúmọ́ ni ewu yìí ti súnmọ́ jù, irú ilé bẹ́ẹ̀ sì ni tèmi àti ti púpọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń ka èyí. Lóòótọ́, wọ́n ń lò ó fún nǹkan: ní Tuscany ní Ítálì, wọ́n máa ń sá èèbù irú kan fún ọdún mẹ́ta sí márùn-ún títí òórùn rẹ̀ yóò fi yọ, àwọn tó ń ṣe lọ́fínńdà sì ń fi owó gidi rà á. Ìyẹn kò sọ ọ́ di ohun ìkòkò ọbẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ fi ẹlòmíràn wé e kí ìdájọ́ mi tó lè tọ́. Ní Oṣù Kẹfà 2022, nígbà tí inú ń bí mi sí àwọn onírùngbọ̀n, mo wọ ṣọ́ọ̀bù òdòdó ńlá kan, mo sì ra áírìsì Siberia kan nínú ìkòkò ní £11. 'Caesar's Brother' ni, irú kan tó ti wà láti àwọn ọdún 1930. Ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí koríko eèsún, kò ní irùngbọ̀n, òdòdó rẹ̀ kéré sí ti àwọn yòókù, àlùkò rẹ̀ sì jinlẹ̀. Mo gbìn ín sí kọ̀rọ̀ tí omi máa ń dúró sí jù lọ, mo sì bo ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa bí ọwọ́ mi ṣe fẹ́, nítorí pé òun kò kọ̀ ọ́. Ọ̀pá mẹ́sàn-án ló yọ ní 2023. Ní 2024, mo ka mẹ́tàlélógún. Kò rà, kò béèrè òkúta wẹ́wẹ́, ìgbín kò sì fi bẹ́ẹ̀ yà á. Bí a ṣe ń wo ilé kí a tó sọmọ lórúkọ, ilẹ̀ ló yẹ kí n ti wò kí n tó ra áírìsì, bí mo bá sì ti wò ó, irú yìí ni mo máa kọ́kọ́ rà. Ṣùgbọ́n kí n má ṣe parọ́: bí méjèèjì bá tanná ní ọjọ́ kan náà, 'Jane Phillips' ni àwọn àlejò máa ń lọ bá.

Ní ti owó, èèbù gbígbẹ láti oko dára ju ti ìkòkò lọ. Irú onírùngbọ̀n kan náà tí mo san £7.60 lé lórí ni ṣọ́ọ̀bù ńlá yẹn ń tà ní £14 nígbà náà nínú ìkòkò ní Oṣù Karùn-ún, nígbà tó bá ti yọ òdòdó tí ojú ń wọ̀. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé ti ìkòkò ń jẹ́ kí ẹ rí àwọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó sanwó, ẹ kò sì ní bá ẹnikẹ́ni ṣe ẹjọ́ 'Benton Olive'. Ní ti bíbí sí i, kò sí àríyànjiyàn. 'Jane Phillips' kan tí mo gbìn ti di méje nígbà tí mo pín in, mo sì fi mẹ́rin ta àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́rẹ, pẹ̀lú ìkìlọ̀ nípa atalẹ̀. Ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ló yẹ kí ènìyàn máa pín wọn, bí àárín ìdì wọn kò bá ní di igi gbígbẹ tí kì í tanná mọ́.

Àbúrò mi ní Houston ní kí n fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí òun. Mo ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, nítorí pé ooru olómi ibẹ̀ kò bá onírùngbọ̀n mu. Àwọn áírìsì Louisiana, tó fẹ́ràn omi àti ooru, ló yẹ kó wá. Àwọn tó sì ń béèrè bóyá wọ́n lè gbé e lọ sílé ní Ìbàdàn tàbí Èkó, òtútù ìgbà òtútù gan-an ló ń jí òdòdó rẹ̀. Níbi tí kò bá ti sí i, ewé ni wọn yóò máa rí, kódà bí àwọn aṣọ́bodè bá jẹ́ kó wọlé láìní ìwé ẹ̀rí ìlera ọ̀gbìn.

Bí wọ́n bá ní kí n fún oko náà ní máàkì, èèbù wọn gba mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, nítorí pé ó tóbi, ó gbẹ, kò sì ní àrùn lára nígbà tó dé. Ọwọ́ tí wọ́n fi mú àròyé mi gba mẹ́sàn-án pẹ̀lú. Ìwé ìlànà wọn kò gba ju méjì lọ, mo sì ti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wọn pé kí wọ́n ya àwòrán èèbù kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ wà lókè, kí wọ́n sì fi lẹ́tà pupa kọ ọ́ pé kì í ṣe jíjẹ. Ẹni tó bá ní ilẹ̀ yanrìn tàbí ebè tó ga, kó rà á láìbẹ̀rù. Ìgbà ìrúwé ni wọ́n máa ń gbé orúkọ àwọn tó wà jáde, àwọn tó dára jù sì máa ń tán kí Oṣù Kẹfà tó parí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Oṣù Kẹjọ ni páálí yóò tó dé. Mo ti sanwó 'Kent Pride' kan sí i.